Nọ́ńbà ẹ̀dà wo ló yẹ library kékeré: 0.8, 1.0, àbí ọdún àti oṣù?

àmìohùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní library kékeré kan (àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíì lè mú lò nínú iṣẹ́ tiwọn) tí mo fi èdè Python kọ, ó wà lórí GitHub, ojúlé tí a ń kó kóòdù sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ọ̀rọ̀ Yorùbá wọlé, kó tún àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tò, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Ẹ mọ̀ pé “ọjọ́” tí ẹnìkan tẹ̀ lórí fóònù àti “ọjọ́” tí ẹlòmíì tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè jọra lójú, kí wọ́n má sì jọra rárá nínú fáìlì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń pè é ní 0.1, 0.2, títí tó fi dé 0.7, láìsí ìlànà kan pàtó. Nísinsìnyí àwọn kan ti ń lò ó nínú iṣẹ́ tiwọn. Ẹnìkan wá bi mí pé tóun bá gba 0.8, ṣé nǹkan òun kò ní dàrú? Mi ò rí èsì fún un. Ṣé kí n sún un sí 1.0 ni, àbí kí n máa fi ọdún àti oṣù pè é bíi ti Ubuntu, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ irú Linux kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáDebian

Àbúrò, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú tìrẹ: ta ló ń ka nọ́ńbà náà? Bó bá jẹ́ pé èèyàn nìkan ló ń kà á, bó ṣe wù ọ́ ni kí o kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti library, pip, irinṣẹ́ tó ń gba library Python wọlé sórí kọ̀ǹpútà, ló ń kọ́kọ́ kà á kó tó kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ `~=1.4` sínú requirements rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àwọn library tó nílò) ń sọ fún pip pé: fún mi ní 1.4 tàbí èyíkéyìí tó jù ú lọ, àmọ́ má dé 2.0. Ẹni yẹn ti fọkàn tán ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò rí ọ rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí onílibrary máa lo SemVer, ìlànà kan fún nọ́ńbà ẹ̀dà. Tom Preston-Werner, ọ̀kan lára àwọn tó dá GitHub sílẹ̀, ló kọ ọ́, ẹ̀dà 2.0.0 ìlànà náà, tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, jáde lọ́dún 2013. Nọ́ńbà mẹ́ta ni. Bí o bá tún àṣìṣe ṣe tí nǹkan mìíràn kò yí padà, ti ìkẹyìn ló ń gòkè: 1.4.2 di 1.4.3. Bí o bá fi nǹkan tuntun kún un, tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ti àárín á gòkè, ti ìkẹyìn á padà sí òdo: 1.5.0. Bí o bá wá fọwọ́ kan ohun tó lè ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́, ì báà jẹ́ orúkọ function kan ṣoṣo, 2.0.0 ni.

Ní ti òdo iwájú tí o dì mú yẹn, SemVer sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òdo bá ṣì wà níwájú, ohunkóhun lè yí padà nígbàkúgbà. npm, irinṣẹ́ bíi pip fún JavaScript, mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó kọ `^0.7.0` níbẹ̀ kò ní gba 0.8. Ṣùgbọ́n pip ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó kọ `~=0.7` lọ́dọ̀ pip yóò gba 0.8, 0.9, àti gbogbo ohun tó bá wà kí ó tó dé 1.0. Àfi kó kọ ọ́ ní `~=0.7.0` kí ó tó dúró sórí 0.7. Nítorí náà, ẹni tó bi ọ́ léèrè yẹn mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

kóòdù_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ SemVer di ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá ló ń fi ọjọ́ ka ẹ̀dà wọn, ó sì ń bá wọn lára mu. Ubuntu àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, 4.10 ni wọ́n pè é. Ẹ̀dà tó yẹ kó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2006 kò tètè parí, ó di oṣù kẹfà, wọ́n kàn pè é ní 6.06, ìjà ò sí níbẹ̀. LibreOffice, àkójọ áàpù ọ́fíìsì, ń ka 7.4, 7.5, 7.6, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n fò ó lọ sí 24.2. Kódà pip tí ẹ ń pè yẹn, lẹ́yìn 10.0.1 ló bọ́ sí 18.0 lọ́dún 2018, ọdún ni 18 yẹn.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bí ẹnìkan bá ní 20.04 lọ́wọ́, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti pẹ́. Ta ló lè wo 3.7.1 kó mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

BàbáDebian

Gbogbo ohun tí o sọ ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ubuntu kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún package jọ sójú kan. Ìgbà tí wọ́n dì í pọ̀ nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ lè sọ. LibreOffice, èèyàn ló ń jókòó sídìí rẹ̀, kì í ṣe kóòdù ẹlòmíì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá búrẹ́dì ń sọ ìgbà tí wọ́n yan án, kì í sọ fún ọ pé wọ́n ti yí ìyẹ̀fun padà. Ohun tí ẹni tó ń lo library àmìohùn sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó fẹ́ràn ọdún kì í sábà rántí. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.0, ọ̀la lè wù ọ́ kí o bọ́ sí 2027.1, kò sí ìyọnu, nítorí 2027 pọ̀ ju 1 lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé 2025.1 jáde lórí PyPI, ibi tí pip ti ń gba library, o ò lè padà sí 1.0 mọ́. Lójú pip, 1.0 ti kéré ju 2025.1 lọ, kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà àbáyọ tó wà ni epoch, ìyẹn ni pé kí o kọ `1!1.0`. Debian, irú Linux kan, náà ní tirẹ̀, `1:1.0` ni àwa ń kọ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò dára lójú, ayérayé ló sì máa wà níwájú nọ́ńbà rẹ, o ò lè yọ ọ́ kúrò mọ́.

ìyá_Android

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe áàpù náà á ka ibí yìí. Lórí Android, nọ́ńbà méjì ló wà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. versionName ni èyí tí oníbàárà ń rí, o lè kọ ohun tó wù ọ́ síbẹ̀. versionCode ni èyí tí ẹ̀rọ ń kà, nọ́ńbà odidi ni, kò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn láé. Bí èyí tí o gbé wá kò bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Play Store á dá a padà fún ọ.

Mo ti rí àwọn tó ń fi ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú ṣe versionCode, irú bíi 2506011430. Kò lè wọlé. Ohun tí Play Store gbà kò ju 2100000000 lọ. Ẹ kúkú máa ka 1, 2, 3 lọ. Kò sẹ́ni tó ń wò ó.

àmìohùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. SemVer ti ń wọ̀ mí lójú báyìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó fún mi nìyí: títí di 0.7, library mi ń tú lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìyẹn NFD. Nínú èyí tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó máa so wọ́n pọ̀, NFC, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Function kan ò yí orúkọ padà. Ṣé àtúnṣe àṣìṣe ni mo máa pè é, àbí ẹ̀dà ńlá?

kóòdù_Ìbàdàn

Bí ojú ò bá rí ìyàtọ̀, àtúnṣe lásán ni. Fi sínú 0.7.1, kí o máa bá tìrẹ lọ.

Ẹ̀kìtì_NLP

Ó tì o! Ẹ má fi ojú wò ó, ohun tó wà nínú fáìlì ni kí ẹ wò.

Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún “ẹ” ní tirẹ̀, U+1EB9. Ó fún “á” náà ní tirẹ̀, U+00E1. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún “ẹ́”. Nítorí náà, nínú NFC, “ẹ́” jẹ́ méjì: U+1EB9 àti àmì òkè U+0301. Nínú NFD, ó di mẹ́ta: e, àmì ìsàlẹ̀ U+0323, àti àmì òkè U+0301. Ẹ mú “ọjọ́” tí àmìohùn fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ ní kí Python kà á: `len`, tó ń ka iye ẹyọ, á fún yín ní 4 nínú NFC, á fún yín ní 6 nínú NFD.

Ẹ wá ro ti ẹni tó ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ gba inú library yìí kọjá, tó sì fi wọ́n pamọ́ sínú database. Ó gba ẹ̀dà tuntun. Oníbàárà rẹ̀ wá “ọjọ́”, library sọ ọ́ di 4, èyí tó wà nípamọ́ sì jẹ́ 6. Kò ní rí i. Error kankan ò ní jáde, test lè má mú un, ọ̀rọ̀ kàn ń sọnù ni. Ìyípadà tó ń pariwo sàn ju irú èyí lọ, torí ẹni tó bá gbọ́ ariwo á wá ohun tó fà á. Ẹ̀dà ńlá ni, mi ò rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà pè é.

kóòdù_Ìbàdàn

Hmm. Mo gbọ́. Àmọ́ ṣé library ṣe ìlérí NFD fún ẹnikẹ́ni? Bí kò bá sí nínú README, ìwé àlàyé library náà, ẹni tó gbára lé e ló gbára lé ohun tí wọn ò sọ fún un.

Ẹ̀kìtì_NLP

Òfin kan wà tí wọ́n fi sọrí Hyrum Wright tó ṣiṣẹ́ ní Google: bí àwọn tó ń lo nǹkan rẹ bá ti pọ̀ tó, ohunkóhun tí wọ́n lè rí pé ó ń ṣe, ẹnìkan á ti gbára lé e, ì báà wà nínú ìwé ìlérí rẹ, ì báà má sí. Bí README bá sọ pé NFC ni, tí kóòdù sì ń ṣe NFD níbì kan, mo gbà pé àṣìṣe ni, kó tún un ṣe nínú 1.0.1, kó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sínú CHANGELOG, àkọsílẹ̀ àwọn ìyípadà. Ṣùgbọ́n bí README bá dákẹ́, ohun tí kóòdù ń ṣe ni ìlérí náà.

Àmìohùn, nǹkan mìíràn tún wà tí o gbọ́dọ̀ pinnu kó tó di 1.0. Àwọn kan kì í fi àmì tó-tó sísàlẹ̀, ìlà kékeré tó dúró gbọn-in ni wọ́n ń lò, U+0329. Lójú àwa tó ń kà á, ẹyọ kan náà ni. Lójú Unicode, wọn ò bára tan. NFC kò ní sọ ọ̀kan di èkejì. Bí o bá fẹ́ kí library máa sọ U+0329 di U+0323, ìpinnu tìrẹ ni, kì í ṣe ti Unicode. Bí o bá fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹni tó bá fẹ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ tàn, o lè fi kún un nínú 1.1.0. Bó bá jẹ́ pé ó máa wà ní títàn fún gbogbo èèyàn láì béèrè, ẹ̀dà ńlá nìyẹn náà.

àmìohùn

Kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ ìlà kékeré yẹn kan nọ́ńbà ẹ̀dà. Ẹ ṣé. Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni pé, tí mo bá ń tẹ̀ lé òfin yìí, ṣé mi ò ní dé 9.0 kí ọdún tó parí? Àwọn èèyàn á ní mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe.

BàbáDebian

Má bẹ̀rù nọ́ńbà ńlá. Linux dúró sórí 2.6 láti ìparí ọdún 2003 títí dé 2.6.39 lọ́dún 2011, Linus Torvalds tó dá a sílẹ̀ wá sọ èyí tó kàn di 3.0. Kò sí ohun ńlá kan nínú 3.0 náà, nọ́ńbà ló ti gùn jù lójú rẹ̀. React, library JavaScript kan, wà lórí 0.14, ó fò sí 15.0 lọ́dún 2016, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń lò ó fún iṣẹ́ gidi, wọ́n sì rí i pé òdo iwájú yẹn ti di irọ́. Node.js náà wà lórí 0.12, nígbà tí òun àti io.js, ẹ̀ka tó yapa kúrò lára rẹ̀, padà di ọ̀kan lọ́dún 2015, 4.0 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. PostgreSQL, ètò database kan, ń ka 9.5, 9.6, àwọn èèyàn ò mọ̀ pé ẹ̀dà ńlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́dún 2017 wọ́n pe èyí tó kàn ní 10, àríyànjiyàn parí.

Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù ni kí o kó ìyípadà jọ fún ọdún púpọ̀, kí o wá da gbogbo rẹ̀ lé àwọn èèyàn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Python 3.0 jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2008. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n tó lè sọ pé àwọn ò tún Python 2 ṣe mọ́. Láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, gbogbo wa ń gbé kóòdù méjì. Ẹ̀dà ńlá kékeré-kékeré sàn jù. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ìkìlọ̀ ṣáájú: jẹ́ kí function àtijọ́ máa fi DeprecationWarning hàn fún sáà kan kí o tó yọ ọ́.

ìyá_Android

Ẹ tún rántí sọ fún un nípa 0.10.

BàbáDebian

Òótọ́ ni. Lẹ́yìn 0.9, 0.10 ló kàn, kì í ṣe dandan kó jẹ́ 1.0. Àmì tó wà láàárín wọn kì í ṣe ti ìdá mẹ́wàá, àlà lásán ni. Àwọn èèyàn máa ń ṣì í, ẹ̀rọ náà sì ń ṣì í. Nígbà tí Python 3.10 dé, ọ̀pọ̀ CI, ẹ̀rọ tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀, ló kọsẹ̀, torí YAML, irú fáìlì tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀, ka 3.10 gẹ́gẹ́ bíi 3.1. Bí o bá ń kọ ọ́ sínú fáìlì YAML, fi àmì àyọlò yí i ká: "3.10". Nígbà tí browser Opera fẹ́ dé 10, wọ́n rí i pé ojúlé kan ń ka ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n á rò pé Opera 1 ni. Ohun tí Opera ṣe ni pé ó ń pe ara rẹ̀ ní 9.80 fún gbogbo ojúlé. Lọ́dún 2022 tí Chrome àti Firefox dé 100, wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán an wò ṣáájú, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Bí o bá fẹ́ to àwọn tag rẹ, ìyẹn àmì ẹ̀dà tí o fi sínú git, `git tag --sort=v:refname` ni kí o lò; `sort -V` náà ń ṣe é. `sort` lásán á gbé 0.10 síwájú 0.9.

kóòdù_Ìbàdàn

Bó bá jẹ́ ti eré, ẹ jẹ́ kó ṣe bíi Donald Knuth tó kọ TeX, ètò ìtẹ̀wé. TeX kì í lọ sí 4, nọ́ńbà rẹ̀ kàn ń sún mọ́ π ni. Èyí tó jáde lọ́dún 2021 jẹ́ 3.141592653. Ó ní lọ́jọ́ tóun bá kú, kí wọ́n sọ ọ́ di π gan-an, kí gbogbo àṣìṣe tó bá kù sì di ara iṣẹ́ rẹ̀. Kí pip wá ka ìyẹn!

àmìohùn

Ẹ̀rín pa mí. Ó dáa, ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. 1.0.0 ni mò ń lọ, NFC ló máa jẹ́, màá sì kọ ọ́ sínú README pé NFC ni ìlérí wa. U+0329 á di ohun tí èèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ tàn. Ẹni tó bi mí léèrè, màá ní kó dúró sórí `~=0.7.0` títí yóò fi ráyè tún database rẹ̀ gbà kọjá. Ṣé mo lè kọ́kọ́ gbé èyí tí wọ́n máa fi dánra wò jáde?

BàbáDebian

O lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ. Ìlànà Python ni `1.0.0rc1`; rc ni ẹ̀dà ìdánwò tó ṣáájú èyí tó délẹ̀. SemVer á kọ ọ́ ní `1.0.0-rc.1`, Debian á kọ ọ́ ní `1.0.0~rc1`, àmọ́ PyPI ni ìwọ ń lọ. Bí èyí tó ti délẹ̀ bá wà, pip kò ní fún ẹnikẹ́ni ní rc láìjẹ́ pé ó béèrè fún un, bíi pẹ̀lú `--pre`.

Ìkìlọ̀ kan: ohun tí o bá ti gbé sórí PyPI, o ò lè tún fáìlì mìíràn gbé sórí orúkọ kan náà, kódà bí o bá pa á rẹ́. Bí 1.0.0 bá jáde tí ó lábùkù, yank ni kí o lò, kí o wá gbé 1.0.1 jáde. Ẹni tó ti so ara rẹ̀ mọ́ 1.0.0 á ṣì rí i gbà, àmọ́ pip kò ní yàn án fún ẹni tuntun.

àmìohùn

Ó yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: mo fẹ́ yọ Python 3.8 kúrò nínú àwọn tí mò ń gbà, torí wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ṣé ẹ̀dà ńlá nìyẹn náà?

BàbáDebian

Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí ìyẹn. Èmi kì í pè é ní ẹ̀dà ńlá. Kọ `requires-python` sínú pyproject.toml rẹ, pip á kà á, ẹni tó wà lórí 3.8 á kàn rí èyí tó kẹ́yìn tó bá tirẹ̀ mu gbà, nǹkan kan ò ní bàjẹ́. Nọ́ńbà àárín tó o, bíi 1.1.0. Má ṣe fi sínú 1.0.1.

Ẹ̀kìtì_NLP

Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó wà lórí 3.8 kò ní rí àtúnṣe kankan gbà mọ́, tí kò sì mọ̀. Kó kúkú yọ ọ́ nísinsìnyí nínú 1.0.0, a ò ní ní ohun tí à ń jà lé lórí.

àmìohùn

Ìyẹn rọrùn jù fún mi. Mo ti kọ `>=3.9` síbẹ̀, rc1 á jáde lálẹ́ òní.